Ọrọ̀ Ajé Dẹnu Kọlẹ̀: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó wọlé lórí ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé pọ̀ ju àyè tí a ní lọ. A pa àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn tó gùn kúrú. Bí ìdáhùn kan bá gùn ju òmíràn lọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo máa ń gbọ́ pé bí ọrọ̀ ajé bá ti já wálẹ̀ fún sáà méjì tẹ̀léra, ìfàsẹ́yìn ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo tún kà pé ti Amẹ́ríkà ní 2020 kò ju oṣù méjì lọ. Báwo ni oṣù méjì ṣe di sáà méjì?

ÌDÁHÙN: Ìlànà méjì ló wà nílẹ̀, wọn kì í sì í fìgbà gbogbo fẹnu kò. Èkíní ni ti sáà méjì tí ẹ sọ. Sáà kan jẹ́ oṣù mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye ọjà àti iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè kan pèsè, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìgbówólórí ọjà kúrò nínú rẹ̀. Julius Shiskin, ọ̀gá àwọn oníṣirò ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1974. Ọ̀kan péré ló jẹ́ nínú àwọn àmì tó tò sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn yòókù ti di ìgbàgbé. Èyí tó rọrùn láti há sórí ló kù.

Èkejì ni ti ìgbìmọ̀ National Bureau of Economic Research, NBER, ní Amẹ́ríkà. Oṣù ni àwọn ń kà. Wọ́n ń wo owó tó ń wọlé fún àwọn ènìyàn láìka ìrànwọ́ ìjọba mọ́ ọn, iye àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ìnáwó ará ìlú, ọjà títà, àti ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe jáde. Wọ́n á wá béèrè pé: báwo ni ìjábọ́ náà ti jìn tó, ẹ̀ka mélòó ló kàn, báwo ló ti pẹ́ tó? Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá le koko, ó lè dí àlàfo òmíràn. Ìyẹn ni ti 2020 fi wọlé: láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni, òun ló kúrú jù nínú àkọsílẹ̀ wọn, àmọ́ ó jìn débi pé àìríṣẹ́ṣe fò kọjá ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ẹ̀wẹ̀, ìṣirò àkọ́kọ́ fi hàn pé GDP já wálẹ̀ fún sáà méjì tẹ̀léra, NBER kò sì pè é ní ìfàsẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ ń pọ̀ sí i lóṣooṣù ní gbogbo àkókò náà.

Ẹ fi nǹkan méjì sọ́kàn. Àkọ́kọ́, ìkéde máa ń pẹ́ gan-an. Ìfàsẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2007, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2008 ni NBER tó kéde rẹ̀, Lehman Brothers, báńkì ìdókòwò ńlá ní Amẹ́ríkà, sì ti wọlẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá ń dúró de ìkéde kó tó múra ti pẹ́ lẹ́yìn.

Èkejì, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ iye náà kí ẹ tó bẹ̀rù rẹ̀. Amẹ́ríkà a máa sọ ìjábọ́ oṣù mẹ́ta di ti ọdún kan, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa já lọ fún sáà mẹ́rin. Ilẹ̀ Yúróòpù kì í sáábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjábọ́ 1% nínú sáà kan ní Yúróòpù, bíi 3.9% ni wọn óò kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àkọlé ìròyìn ń pariwo 32.9% ní àárín 2020, ohun tó bọ́ gan-an lára ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà nínú sáà náà kò ju bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn náà burú, àmọ́ kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé ọjà ìpín ìdókòwò tó wó ní 1929 ló bí gbogbo ìyà ọdún 1930 sí 1939? Bí ọjà bá tún wó lónìí, ṣé irú rẹ̀ náà ni yóò tẹ̀lé e?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ọjà wíwó nìkan kì í pa ọrọ̀ ajé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1987, òṣùwọ̀n Dow Jones, tó ń wọn iye ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, pàdánù ìdá 22.6 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ọjọ́ kan ní 1929 tó burú tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá gba 12.8% lọ, ọjọ́ kejì rẹ̀ gba 11.7%. Síbẹ̀ ìfàsẹ́yìn kankan kò tẹ̀lé ti 1987. Ẹ tún wo Nasdaq, òṣùwọ̀n tí ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ sí. Láàárín 2000 sí 2002 ó pàdánù ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àmọ́ oṣù mẹ́jọ péré ni ìfàsẹ́yìn 2001 lò, kò sì jìn.

Gbèsè ni kí ẹ máa wò. Ta ló jẹ ẹ́? Ta ló yá wọn? Bí wọn kò bá rí i san, ṣé ẹni tó yá wọn lè dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀? Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ìpín tó sì pàdánù, òun nìkan ló jẹ̀yà rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó báńkì ló fi rà á, tó sì jẹ́ owó ìpamọ́ àwọn oníbàárà ni báńkì yá a, àdánù rẹ̀ ti di ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1929 sí oṣù keje ọdún 1932, Dow já láti 381 sí 41. Ìyẹn dun àwọn tó ní ìpín. Ohun tó wá pa ìyókù ìlú ni báńkì: láàárín 1930 sí 1933, bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án báńkì ló kógbá wọlé ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú owó oníbàárà ló máa ń wà nílẹ̀ ní báńkì, wọ́n ti yá ìyókù jáde. Bí ìròyìn bá tàn pé báńkì kan ń mì, àwọn oníbàárà á ya bò ó. Báńkì á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú kó lè rí owó fún wọn. Títà yẹn á já iye irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn báńkì tí ara wọn ṣì yá, ìwé ìṣirò tiwọn náà á bàjẹ́, àwọn oníbàárà tiwọn náà á gbọ́. Èyí tó bá sì yè é á kọ̀ láti yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́. Bí owó tó ń yí ká ní Amẹ́ríkà ṣe fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù nìyẹn.

Owó dín, iye ọjà náà fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin wálẹ̀. Létí, ó dùn. Ẹ bi ẹni tó jẹ gbèsè wò. Bí iye ọjà àti owó iṣẹ́ bá fi 25% wálẹ̀, ẹni tó jẹ 100 yóò ní láti ta ọjà tó máa ń mú 133 wá tẹ́lẹ̀ kó tó lè san 100 náà. Irving Fisher, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1933: bí àwọn onígbèsè ṣe ń sáré ta ohun ìní wọn láti san gbèsè ni iye ọjà ń já sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyókù gbèsè náà ń wúwo sí i. (Fisher yìí kan náà ló sọ ní oṣù kẹwàá 1929 pé iye ìpín ti gun òkè tí kò jọ pé yóò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Owó tirẹ̀ gan-an bá a lọ.)

Kí ló dé tí báńkì àpapọ̀ kò fi tú owó síta? Góòlù ni. Orílẹ̀-èdè tó bá so owó rẹ̀ mọ́ góòlù kò lè tẹ owó kọjá ohun tí góòlù inú àpótí rẹ̀ lè gbé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1931, Creditanstalt, báńkì tó tóbi jù ní Austríà, wó. Ìpayà náà gba Jámánì kọjá, ó dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun fi góòlù sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Kí góòlù tirẹ̀ má bàa sá lọ, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé láti 1.5% sí 3.5% ní oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn tí kò níṣẹ́ ti kún ìgboro. Nínú gbogbo ìtàn yìí, bóyá ni ìpinnu kan wà tó burú jùyẹn lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tètè kúrò lórí góòlù tètè gbérí. Faransé tó rọ̀ mọ́ ọn títí di 1936 wà lára àwọn tó gbérí kẹ́yìn. Àwọn kan á ní òfin owó ibodè Smoot-Hawley ti 1930 ló fa gbogbo rẹ̀. Ó dá kún un, kò dá a sílẹ̀.

Ti 2008 tọ ipa ti báńkì yìí kan náà. Báńkì tó ní ohun ìní 100, tó jẹ́ pé 3 péré níbẹ̀ ni owó tirẹ̀, tí 97 sì jẹ́ owó yíyá, kò lè fara da kí ohun ìní náà fi 4 wálẹ̀: owó tirẹ̀ ti tán, ó sì ti jẹ 1 tí kò ní. Irú ìṣirò yìí ni Lehman ń gbé ká kó tó wọlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 pẹ̀lú gbèsè tó lé ní 600 bílíọ̀nù dọ́là.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé owó tí mo fi pamọ́ sí báńkì lè run nígbà ìfàsẹ́yìn?

ÌDÁHÙN: Ó wà lọ́wọ́ ètò adójútòfò owó ìpamọ́ ní orílẹ̀-èdè yín, pàápàá iye tó dáàbò bò. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1934 pẹ̀lú 2,500 dọ́là fún oníbàárà kan, àwọn báńkì sì dẹ́kun wíwó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ètò tó dáàbò bo díẹ̀ nìkan kì í dá ìpayà dúró. Nígbà tí àwọn oníbàárà tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì Northern Rock ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án 2007, ohun tí òfin dáàbò bò ni 2,000 pọ́n-ùn àkọ́kọ́ pátápátá, àti 90% nínú 33,000 tó tẹ̀lé e. Ẹni tó ní 20,000 mọ̀ pé òun lè pàdánù 1,800. Ta ni kò ní lọ tò? Ọjọ́ tí ìjọba fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo owó náà kò ní run ni ìlà ènìyàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í túká.

Ẹ wádìí iye tí ètò tiyín dáàbò bò, bóyá báńkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á fún, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń san án. Bí owó yín bá ju iye náà lọ, ẹ pín in sí báńkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ṣọ́ra o: báńkì méjì tó wà lábẹ́ ìwé àṣẹ kan ṣoṣo lè jẹ́ ọ̀kan lójú òfin.

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe. Kí ló dé tó jẹ́ àwa la kọ́kọ́ ń jókòó sílé, nígbà tí àwọn tó ń ta oúnjẹ àti oògùn ṣì ń rí tà?

ÌDÁHÙN: Nítorí pé ohun tí ẹ̀ ń ṣe ṣeé sún síwájú. Ebi kì í gbọ́ pé ó dọdún tó ń bọ̀. Ilé tuntun, ọkọ̀ tuntun àti ẹ̀rọ tuntun ń gbọ́.

Ìṣirò kan wà tó ń fi bí ó ṣe ń dunni tó hàn. Ká ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní ẹ̀rọ 100, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń lo ọdún mẹ́wàá, nítorí náà wọ́n ń ra mẹ́wàá lọ́dọọdún dípò àwọn tó gbó. Títà aṣọ wá fi 5% dín kù. Ẹ̀rọ 95 ti tó wọn báyìí. Mẹ́wàá gbó lọ́dún náà, márùn-ún péré ni wọ́n rà. Aṣọ já ní 5%, ọjà ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ já ní 50%. Bí aṣọ bá fi 10% já, kò ní ta ẹyọ kan lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún kejì: bí títà aṣọ bá kàn dúró lójú kan, láìgbérí rárá, àwọn ẹ̀rọ tó gbó á tún nílò àrọ́pò, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ á sì padà sí bíi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Àwọn irú yín ló ń kọ́kọ́ ṣubú, àwọn náà ló sì lè kọ́kọ́ dìde.

Èlé tún wà níbẹ̀. Owó yíyá ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́lé, nítorí náà bí báńkì àpapọ̀ bá gbé èlé sókè láti já ọ̀wọ́ngógó lulẹ̀, ẹ̀ka yín ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára. Nígbà bẹ́ẹ̀, ẹ gba owó iṣẹ́ ní ìpele-ìpele, kí owó ohun èèlò ìpele kan ti wọlé kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì fojú kéré iṣẹ́ àtúnṣe. Kì í dín tó iṣẹ́ tuntun, nítorí ẹni tó sún ilé kíkọ́ síwájú kò lè sún òrùlé tó ń jò.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ká máa tọ́jú owó. Wọ́n tún ní bí gbogbo ènìyàn bá ń tọ́jú owó, ọrọ̀ ajé á tún bàjẹ́ sí i. Èwo ni ká gbọ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni méjèèjì. Ìnáwó ẹnì kan ni owó tó ń wọlé fún ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá dá 10 dúró, òun á ní 10. Bí gbogbo ènìyàn bá dá 10 dúró lẹ́ẹ̀kan náà, owó tó ń wọlé fún gbogbo wọn á dín kù, àwọn kan á sì pàdánù iṣẹ́. John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹnu mọ́ ọn ní 1936 pé ìjọba ló yẹ kó máa náwó nígbà tí ará ìlú bá ń ká owó jọ. Ojúṣe ìjọba nìyẹn, kì í ṣe tiyín. Ẹ tọ́jú owó yín.

Ìnáwó tó ń tètè ṣiṣẹ́ jù ni èyí tí kò dúró de òfin tuntun: owó orí tó ń dín kù fúnra rẹ̀ bí owó tó ń wọlé bá dín, àti owó ìrànwọ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bọ́ níṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá máa ń fa ìwé fún ọdún kan tàbí méjì. Nígbà mìíràn ìfàsẹ́yìn á ti lọ kí katakata tó débẹ̀. Èlé tí báńkì àpapọ̀ dín kù náà lè gba ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kó tó ràn dáadáa.

Ohun tó sì máa ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n tètè yọwọ́. Ní 1937, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí Amẹ́ríkà ti ń gbérí, ìjọba gé ìnáwó, owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára owó oṣù, báńkì àpapọ̀ sì ti sọ iye owó tí àwọn báńkì gbọ́dọ̀ tì mọ́lẹ̀ láìyá a jáde di ìlọ́po méjì. Ìfàsẹ́yìn tuntun ṣẹlẹ̀, ó sì lo oṣù 13.

Ẹ má rò pé èèṣì ni gbogbo ìfàsẹ́yìn o. Ti 1981 sí 1982, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ fà á ni. Lẹ́yìn tí iye epo rọ̀bì ti fi ìlọ́po mẹ́rin lọ sókè ní 1973 sí 1974, ọ̀wọ́ngógó àti àìríṣẹ́ṣe wá ń gbé pọ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ rò pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tí ọ̀wọ́ngógó sún mọ́ 15% ní 1980, Paul Volcker, ọ̀gá báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, jẹ́ kí èlé gòkè dé nǹkan bí 20%. Ọ̀wọ́ngógó já. Àìríṣẹ́ṣe gòkè dé 10.8%, Mẹ́síkò tó ti yá dọ́là sì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 1982 pé òun kò lè san gbèsè mọ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà fi ọdún mẹ́wàá jẹ ìyà ìwòsàn tí Amẹ́ríkà fún ara rẹ̀. Wọn kì í sábà fi apá yẹn kún un nígbà tí wọ́n bá ń yin Volcker.

ÌBÉÈRÈ: Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣé àmì wà tí mekúnnù lè wò?

ÌDÁHÙN: Méjì ló wúlò, kò sí èyí tó jẹ́ àwòṣẹ.

Àkọ́kọ́ ni ti Claudia Sahm, onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ẹ mú ìdá àwọn tí kò níṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi mẹ́ta pín in. Ẹ wá èyí tó kéré jù nínú irú ìdá oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 12 tó ṣáájú. Bí ti ìsinsìnyí bá fi 0.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju èyí tó kéré jù, agogo ti lù. Bí àpẹẹrẹ: 4.0, 4.2 àti 4.4 jẹ́ 4.2; èyí tó kéré jù jẹ́ 3.6, ìyàtọ̀ jẹ́ 0.6. Ó ṣiṣẹ́ nítorí pé àìríṣẹ́ṣe kì í sábà gòkè díẹ̀ kó dúró: ẹni tó bọ́ níṣẹ́ dín ìnáwó kù, ìyẹn tún lé ẹlòmíràn níṣẹ́. Àmọ́ ó lu agogo ní àárín 2024 láìsí pé ìfàsẹ́yìn tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Lára ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tuntun tó ń wá iṣẹ́ ló ń pọ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń lé àwọn tó wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ṣe é fún. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn láìsí ìwé, ìdá àìríṣẹ́ṣe kò sọ ohun púpọ̀.

Èkejì ni èlé tí ìjọba ń san lórí owó tó yá. Ó yẹ kí èlé owó tó yá fún ọdún mẹ́wàá ga ju ti oṣù mẹ́ta lọ, torí ẹni tó bá ti owó rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ fẹ́ èrè jù. Nígbà tí ti oṣù mẹ́ta bá wá ga jù, ohun tí àwọn olówó ń sọ ni pé èlé máa tó já, ìyẹn ni pé nǹkan máa tó le. Ó ṣáájú àwọn ìfàsẹ́yìn Amẹ́ríkà láti ìparí àwọn ọdún 1960 síwájú. Ti oṣù mẹ́ta tún ga jù ní 2022, ó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, ìfàsẹ́yìn kò dé láàárín àkókò náà.

Nínú òwò tiyín, ẹ wo èyí tó súnmọ́ yín jù: iye ọjọ́ tí àwọn oníbàárà fi ń san owó. Ó máa ń gùn kí títà tó dín.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi máa jáde yunifásítì láìpẹ́. Ṣé kó gba iṣẹ́ kékeré tó bá rí, àbí kó dúró de èyí tó yẹ ẹ́?

ÌDÁHÙN: Kó gbà á, kó má sì dẹ́kun wíwá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó jáde yunifásítì ní Kánádà fi hàn pé ẹni tó bọ́ sígboro nígbà ìfàsẹ́yìn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù tó fi bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kéré, ó sì ń gba tó ọdún mẹ́wàá kí àlàfo náà tó dí. Àwọn tó dí i kíákíá ni àwọn tó kúrò ní ilé iṣẹ́ kékeré lọ sí èyí tó sàn jù láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́. Ìjókòó sílé fún ọdún kan lóhun tó léwu jù, torí àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń bi àlàfo náà léèrè títí lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ilé, gbèsè, ìpín ìdókòwò díẹ̀, àti òwò kékeré kan. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ iye tí ilé yín kò lè ṣe láìná lóṣù kan: ilé gbígbé, oúnjẹ, oògùn, ìdá gbèsè tó kéré jù tí báńkì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀ bí owó oṣù yín bá dúró ṣinṣin, mẹ́fà bí kò bá dúró. Iye owó náà nìyẹn tó gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láàárín ọjọ́ kan, kì í ṣe nínú ìpín.

Nínú gbèsè, ẹ kọ́kọ́ dojú kọ èyí tí èlé rẹ̀ ń yí padà. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò ní lè san, ẹ lọ bá ẹni tó yá yín kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tí kò tíì jẹ ọjọ́ ló ń rí àtúntò gbà. Ẹ má sì ṣe oníduró fún ẹnikẹ́ni lásìkò yìí, bí ó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ìpín tó fi 50% já ní láti gbé 100% kó tó padà síbi tó wà. Òṣùwọ̀n S&P 500, tó ń wọn ìpín bíi 500 ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, fi bí 57% já títí di oṣù kẹta 2009, ó sì padà sí ipò rẹ̀ ní 2013; ẹni tó tà ní ìsàlẹ̀ ló pàdánù tán. Ṣùgbọ́n ti Jàpáànì, tó dé téńté ní òpin 1989, kò kọjá ibẹ̀ títí di oṣù kejì 2024. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kan, ẹ má sì fi owó tí ẹ óò ná láàárín ọdún márùn-ún sínú rẹ̀.

Ní ti òwò, owó ọwọ́ ni kí ẹ máa ṣírò, kì í ṣe èrè. Bí ẹ bá ń ta 100 lóṣù ní àwìn ọjọ́ 30, tí àwọn oníbàárà wá sọ ọ́ di 60, 100 mìíràn ti há síta, bí títà kò tilẹ̀ dín rárá. Ilé iṣẹ́ tó ní èrè lórí ìwé ń kú báyìí. Ẹ dín àwìn kù fún ẹni tó bá ti pẹ́ san lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tọrọ àyè ìyáwó ní báńkì nígbà tí ẹ kò tíì nílò rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà kan ṣoṣo kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta títà yín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n kéde pé ìfàsẹ́yìn ti parí. Kí ló dé tí ara kò tíì tù wá?

ÌDÁHÙN: Ohun tí wọ́n kéde ni pé ọrọ̀ ajé ti dẹ́kun jíjábọ́. Wọn kò ní ó ti padà síbi tó wà. Bí 100 bá fi 10% já, ó di 90. Bí ó bá tún fi 10% gbé, 99 ni. Àwọn agbanisíṣẹ́ náà kì í tètè gbà ènìyàn: wọ́n á kọ́kọ́ fi wákàtí kún ti àwọn tó wà, wọ́n á gba oníṣẹ́ ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi á tó yọjú. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹfà 2009 ni ìfàsẹ́yìn parí. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni àìríṣẹ́ṣe tó dé 10%, iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò sì padà sí bó ṣe wà ṣáájú ìfàsẹ́yìn títí di 2014.